Bàbá Ń Kọ̀wé Lọ́wọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí gbólóhùn kékeré yẹn ti ń yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó sì tún ń pòórá. Ní apá ọ̀tún, lábẹ́ àwòrán bàbá rẹ̀, àwọn lẹ́tà aláwọ̀ eérú yóò jáde: "Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́." Yóò wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá. Obìnrin náà yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́, yóò di èémí rẹ̀ mú bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Lẹ́yìn náà gbólóhùn náà á parẹ́, ojú kọ̀ǹpútà á dákẹ́ rọ́rọ́, ìwé kankan kò sì ní wọlé.

"Ó tún ti pa á rẹ́," ni yóò sọ fún ara rẹ̀. "Inú ṣì ń bí i."

Ayàwòrán ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán tí a ń fi kọ́ ara ògiri ló ń yà. Ojú ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan ni ó ń tò: ibi tí ìwé yóò wà, ibi tí orúkọ ọ̀rẹ́ yóò wà, bọ́tìnì tó gbọ́dọ̀ tóbi àti èyí tó gbọ́dọ̀ kéré. Ní ibi iṣẹ́, Ọ̀gá Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Ọwọ́-Yá, ó sì ti di ọdún méjì tí bàbá ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ilé ìtẹ̀wé ìjọ ni bàbá ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún. Òun ló ń to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní òdìkejì, bí ẹni tó ń kàwé nínú dígí, títí ojú ewé kan nínú ìwé orin yóò fi pé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, òun ni í máa ṣa lẹ́tà tó bá já bọ́ sílẹ̀, tí yóò sì dá a padà sínú ihò rẹ̀ nínú àpótí kí bàbá tó yíjú padà. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí ayé lẹ́tà òjé kọjá, tí bàbá fẹ̀yìn tì, ọmọ náà ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún un, ó gbé e kalẹ̀ létí fèrèsé, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ìkànnì tí òun fúnra rẹ̀ tò.

"Ẹ wo bọ́tìnì gbọọrọ yìí, Bàbá, èyí tó wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ yín tán, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ nìyẹn."

"Ó ti lọ síbo?"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi."

"Láìsí sítáǹpù?"

"Láìsí sítáǹpù, Bàbá."

Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kìì, bí ẹni tó ń fa irin ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wálẹ̀, ó sì dẹ etí sílẹ̀ de ariwo. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú àpótí ìkọ̀wé, àpótí náà ṣófo. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ tèmi máa ń kùn bí ọkọ̀ ojú irin. Tìrẹ kò tilẹ̀ wúkọ́!"

Láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, yóò kọ ìlà méjì mẹ́ta sí i, yóò sì tẹ bọ́tìnì gbọọrọ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kú. Ọ̀sẹ̀ tí ó kú sì ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí ojú ìkànnì náà ti orí fóònù. Ayàwòrán ní kí òun parí iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, kí òun tó máa bọ̀. Ọjọ́ kan di ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó dé, wọ́n ti da erùpẹ̀ bo ìyá rẹ̀, àwọn olùbánikẹ́dùn sì ti ń to àga jọ. Bàbá kò pariwo. Ó kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi apá méjèèjì dí i.

"Ọwọ́-Yá," ni ó wí, "ọwọ́ rẹ kò yá lónìí. Padà síbi iṣẹ́ rẹ. Má wá síwájú mi mọ́ títí n ó fi pè ọ́."

Ẹni tó bá mọ bàbá náà mọ̀ pé kì í sọ ọ̀rọ̀ kó tún kó o jẹ. Ọmọ náà padà, ó sì ń retí ìpè. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò sí ìlà kan.

Iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ pàdánù ìsìnkú ìyá rẹ̀ yìí, iṣẹ́ ńlá ni lójú rẹ̀ nígbà náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì dà bí pálọ̀ tó láyè: o lè to àwọn ọ̀rẹ́ sí apá òsì, kí o fi ìwé sí àárín, kí o sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Fóònù ní tirẹ̀ dà bí ẹnu ọ̀nà tó há. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ti yọ sókè, ìdajì ojú fóònù ti lọ. Nítorí náà ó ń gé, ó ń yọ, ó ń dín. Ẹni tó máa ń bá a jiyàn lórí rẹ̀ ni ọkùnrin adánwò, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lo gbogbo nǹkan kí àwọn ará ìta tó lò ó. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un, "Kò tíì tó" ni yóò sọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Kò-Tíì-Tó.

"Kí ló tún kù?" Ayàwòrán bi í ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí rẹ̀.

"Bọ́tìnì gbọọrọ ni. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìwé ránṣẹ́. Lórí fóònù, o ní kó kàn sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń kọ̀wé lórí fóònù. Bí wọ́n bá ṣèèṣì kàn án, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹni ẹlẹ́ni yóò máa rí gbà."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n o tún yọ ọ̀rọ̀ 'Fi ránṣẹ́' kúrò. Ọfà lo fi dípò rẹ̀. Ọfà ọ̀hún kò sì tó ojú èèrà."

"'Fi ránṣẹ́' ń jẹ ìdá mẹ́ta ìlà kan! Àyè dà?"

"O wá sọ àpótí ìkọ̀wé di ìlà kan ṣoṣo. Bí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì gbọọrọ, ohun tó kọ á sún lọ sókè, kò ní rí i mọ́. Àpótí á ṣófo lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo kọ̀ǹpútà rí á rò pé ìwé òun ti lọ."

"Ọjọ́ kan ni wọn ó fi kọ́ ọ."

"Kò tíì tó."

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni Ayàwòrán wí, "bí o bá dé ọ̀run rere, wàá ní wúrà tí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò tíì tó."

"Bí ìwọ bá fi lè jẹ́ ẹni tó ya àmì ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ìta ni n ó kú sí."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọfà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí Ayàwòrán fi yangàn nínú iṣẹ́ náà: bí fóònù bá kú, bí ẹni tó ń kọ̀wé bá sùn lọ, lẹ́tà kan kò ní sọnù nínú ohun tó ti kọ. Inú àpótí náà ni yóò wà, yóò máa dúró dè é.

Nígbà tí ó di ọdún kejì tí ìyá ti lọ, nǹkan hù sí bàbá lọ́fun. Àwọn dókítà la ibẹ̀, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín bọ̀ ọ́, ohùn rẹ̀ sì tán pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè di bírò mú mọ́. Ìjọ fi fóònù kékeré kan ta á lọ́rẹ, wọ́n ti fi ìkànnì náà sí i, kí ó lè máa rí àwòrán àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe kúrò níwájú kọ̀ǹpútà etí fèrèsé, tó di ẹni tó ń fi àtàǹpàkò kan kọ̀wé lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn.

Àbúrò bàbá lóbìnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Màmá Olóhùn ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohùn tó ní nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló pe Ayàwòrán láti sọ bí nǹkan ti rí. Ní ọjọ́ náà gan-an ni Ayàwòrán jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó kọ̀wé: "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, kí n máa bọ̀." Kò pẹ́ tí àmì fi hàn pé bàbá ti rí i. Gbólóhùn aláwọ̀ eérú yọ jáde, ó sì parẹ́.

Ó tún kọ̀wé ní ọjọ́ kejì. Ó kọ ọ́ ní ọjọ́ kẹta. "Bàbá, ẹ dá mi lóhùn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú." Bàbá rí gbogbo rẹ̀. Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ìwé kò dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, Màmá Olóhùn pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Ìwọ, ibo lo wà?"

"Ibi iṣẹ́ ni, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Báwo ni ara wọn?"

"Ara wọn ń rọ̀ lọ bí àbẹ́là. Wọ́n ń tẹ fóònù yẹn ṣáá. Mo ní, 'Ta lẹ ń kọ̀wé sí?' Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni ń pa ìdánwò mọ́ fún ẹnìkejì!"

"Èmi ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo ń rí i pé wọ́n ń kọ ọ́. Wọn kì í fi í ránṣẹ́ ni."

"Èèyàn wo ló ń kọ̀wé tí kò ní fi í ránṣẹ́?"

"Ẹni tínú ń bí, Màmá. Wọ́n á kọ ọ́ tán, wọ́n á tún pa á rẹ́."

"Orí kunkun kan náà ni Ọlọ́run pín sí méjì fún ẹ̀yin méjèèjì. Dìde kí o máa bọ̀!"

"Wọ́n ní kí n má wá títí wọ́n ó fi pè mí. Bí mo bá já wọlé ńkọ́, tí wọ́n yíjú sí ògiri, tí wọ́n sì fi ìbínú yẹn lọ? Báwo ni n ó ṣe máa gbé ayé?"

"Èmi ò mọ fóònù yín lò," ni Màmá Olóhùn wí. "Lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ojú mi. Ìwé orin lẹ́tà gàdàgbà ni mo lè kà. Bí mo bá mọ̀ ọ́n kà ni, ǹ bá ti já a gbà lọ́wọ́ wọn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá Olóhùn kò kí i rárá.

"Bàbá rẹ fi ìka kan àwòrán rẹ lójú fóònù, wọ́n sì na ìka náà sí ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìsí ohùn. Ọmọ mi, bí èyí kì í bá ṣe ìpè, a jẹ́ pé mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpè mọ́."

Ayàwòrán kò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé báàgì, ó di ibùdókọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni ó fi ń gbàdúrà, kò sì lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ: Olúwa, dá a dúró dè mí. Ó rò ó wò bóyá kí ó kọ̀wé sí bàbá láti inú ọkọ̀ pé òun ń bọ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ó ní rárá, ojú bàbá ni òun yóò sọ ọ́ sí, ó sì dá fóònù padà sínú báàgì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ nígbà tó wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà.

Bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Wọ́n ti ká tìmùtìmù rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ń fi omi olóòórùn líle nu irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Màmá Olóhùn jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì bàbá lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ àrọ́bọ̀.

"Aago kan ọ̀sán," ni ó wí. Kò gbójú sókè. "Ọ̀nà ilẹ̀kùn ni wọ́n kọjú sí."

Ayàwòrán jókòó sórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé orí lé orúnkún àbúrò bàbá rẹ̀, igbe tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mú kí nọ́ọ̀sì fi aṣọ ìnulẹ̀ sílẹ̀, kí ó rọra bọ́ síta.

Nígbà tó pẹ́, Màmá Olóhùn tú báàgì náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: aṣọ ìsùn méjì, ìwé orin kan tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ to lẹ́tà rẹ̀, awò kékeré tí ó máa ń gbé lé ojú nílé ìtẹ̀wé láti sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá, àti fóònù náà.

"Bá mi ṣí i," ni ó wí. "Orúkọ àwọn ará ìjọ wà nínú rẹ̀. A ní láti sọ fún wọn."

Ayàwòrán tan fóònù. Ìkànnì ni bàbá ṣí sílẹ̀, àwòrán tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí, òun pẹ̀lú ìwé tó kọ kẹ́yìn: "Bàbá, ṣé ẹ kọ̀ mí ni?" Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí ìkọ̀wé wà, ìlà kan ṣoṣo, ó ṣófo. Ọfà kékeré wà ní igun. Ó kù díẹ̀ kí ó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ṣe nǹkan kì í ṣe ojú ẹlòmíràn lára nǹkan ọ̀hún. Ó rí ìlà kan, tín-ín-rín bí irun, létí àpótí náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lókè tí kò hàn.

Ó fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sún wálẹ̀. Ó ń fà á, kò tán. Ó ń fà á, kò tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, tí a tò sórí ara wọn bí lẹ́tà òjé, ìlà kan lórí òmíràn, bọ́tìnì gbọọrọ ló sì parí ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni wọ́n kọ?" Màmá Olóhùn bi í. "Ó dà bí i pé o rí iwin. Kà á sókè."

"Màmá, mi ò lè kà á."

"Èmi ni mo nu itọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kà á fún mi."

Ó kà á.

"Ọwọ́-Yá, mo rí ìwé rẹ.
Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.
Máa bọ̀. Mo pè ọ́.
O tún ní kí n pè ọ́. Mo ti pè ọ́ lánàá, ọmọ mi.
Bóyá ìwé máa ń pẹ́ lọ́nà ní ilé ìwòsàn yìí. Máa bọ̀.
O ní kí n dá ọ lóhùn. Mo ń dá ọ lóhùn. Ṣé o kì í kà á ni?
Lónìí wọ́n yí rọ́bà ọ̀fun mi padà. Ó dùn mí. Mo rò ó pé wàá dé kí wọ́n tó parí.
Bí ibi iṣẹ́ kò bá fún ọ láyè, sọ fún mi, n kò ní bínú mọ́.
Ìyá rẹ náà kò ní bínú.
Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, mo ń wò ó.
Ṣé mo kọ ọ̀rọ̀ kan tó dùn ọ́ ni? Mo padà wá a, n kò rí ohun tí mo kọ.
O ní ṣé mo kọ̀ ọ́. Ta ló kọ̀ ọ́?
Ó ti rẹ̀ mí.
Bí o kò bá fẹ́ wá, kò burú. Èmi ni mo kọ́kọ́ lé ọ.
Olúwa yóò bá mi tọ́jú rẹ."

Lẹ́yìn èyí, òfìfo ló kù, ìlà mẹ́rìnlá tí kò sí lẹ́tà kankan nínú wọn. Bàbá ti ń tẹ bọ́tìnì gbọọrọ léraléra, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Màmá Olóhùn nu ojú. "Nígbà náà, wọ́n ti dárí jì ọ́."

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, Màmá."

"Ọ̀tá wo ló wá dí ìwé náà lọ́nà?"

Ayàwòrán wo ọfà náà. Ó kéré lóòótọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè bá a, kódà ká ní ẹnìkan fi han bàbá.

"Èmi ni," ni ó wí.

Ó gbé àtàǹpàkò lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Nínú báàgì tirẹ̀, lórí sìmẹ́ǹtì, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Kò yọ ọ́ wò. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n sìnkú bàbá ní ẹ̀gbẹ́ ìyá. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló kọ́kọ́ dé etí ibojì, òun ló sì kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó fẹ́ padà síbi iṣẹ́, ó fi fóònù àti awò sílẹ̀ fún Màmá Olóhùn, ó kó ìwé orin lọ.

Ní ọjọ́ tó wọlé iṣẹ́, Kò-Tíì-Tó dìde, ó fún un ní àga. Ó ti gbọ́ bí ìwé bàbá ṣe há sínú àpótí. Ká ní ó sọ pé "Mo sọ fún ọ" ni, ìbá sàn fún Ayàwòrán. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Ọ̀gá," ó sì rẹ orí sílẹ̀.

"Bá mi ka nǹkan kan," ni Ayàwòrán wí. "Má ṣí wọn, ka iye wọn nìkan. Àpótí ìkọ̀wé mélòó ló wà lórí fóònù àwọn èèyàn, tí ohun tó ju ogún ìlà lọ wà nínú rẹ̀, tí kò sì lọ síbì kankan?"

Ọkùnrin náà lo wákàtí méjì nídìí rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò jókòó.

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá, ó lé díẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà.

"Ṣé kí a fi wọ́n ránṣẹ́?"

"A ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹlòmíràn mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa tirẹ̀ mọ́ ni." Ó fi ọwọ́ bojú. "Dá ọ̀rọ̀ náà padà. 'Fi ránṣẹ́.' Kọ ọ́ gàdàgbà. Sì jẹ́ kí àpótí náà ga, kí ẹni tó ń kọ̀wé máa rí ohun tó kọ."

Ọ̀gá àgbà ní ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ jù, yóò ba ojú ìkànnì jẹ́. Ayàwòrán ní kí wọ́n jẹ́ kó bà á jẹ́. Bóyá ojú rẹ̀ ni ọ̀gá wò, ó ní kí wọ́n máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú tuntun kì í dé orí gbogbo fóònù lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ti gbó, ó lè tó oṣù kan gbáko, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rí i gbà láéláé.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán gangan, ó gbé ojú sókè láti ìdí iṣẹ́. Ní apá ọ̀tún kọ̀ǹpútà, lábẹ́ àwòrán bàbá rẹ̀, àwọn lẹ́tà aláwọ̀ eérú ti yọ.

"Bàbá ń kọ̀wé lọ́wọ́."

Ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó parẹ́. Ìwé kankan kò wọlé. Ó tún yọ. Ó tún parẹ́.

Kò dúró dè é mọ́. Ó fa fóònù yọ, ó pè.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ wà nídìí fóònù Bàbá?"

"Èmi ni o!" Ohùn àgbà obìnrin náà yọ̀. "Mo gbé awò bàbá rẹ lé ojú, mo ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ! O kò ì rí i?"

"Kò dé ọ̀dọ̀ mi, Màmá."

"Kí ló dé tí kò ní dé? Mo tẹ bọ́tìnì gbọọrọ náà bí mo ṣe ń rí i tí bàbá rẹ ń tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ! Àpótí ti ṣófo!"

"Kò lọ, Màmá."

Nígbà tí Màmá Olóhùn tún sọ̀rọ̀, gbogbo adùn ti kúrò nínú ohùn rẹ̀.

"Báyìí náà ló ṣe rí fún wọn?"

"Báyìí náà ni."

"Yéè. Ẹ̀gbọ́n mi."

Ayàwòrán gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó gbọ́ aago ara ògiri tó ń dún nínú pálọ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà wà létí fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kò tàn án mọ́.

"Kí lẹ kọ, Màmá?"

"Kò tó nǹkan. Mo ní ilé yìí ti dákẹ́ jù. Mo ní bí àyè bá yọ fún ọ, bí kò bá ni ọ́ lára..."

Ayàwòrán ti dìde. Ó ti ń wá báàgì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò-Tíì-Tó wò ó láti ìdí iṣẹ́ tirẹ̀, ó gbé báàgì náà fún un láìbéèrè ohunkóhun.

"Ẹ má kọ ọ́ mọ́, Màmá," ni ó wí. "Ẹ jókòó. Mo ń bọ̀ nísinsìnyí."

Lẹ́yìn rẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà tí kò pa, gbólóhùn kékeré náà tún yọ, ó dúró díẹ̀, ó sì parẹ́.